Ẹmu ìdána ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: kí ni mo lè ṣe kí wọ́n má tún fi omi ṣúgà rẹ́ mi jẹ?

Àrẹ̀mọ_Ìkòròdú kọ:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Nígbà tí a lọ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nílé àwọn àna mi, kẹ́ẹ̀gì ẹmu mẹ́rin ni mo rà, lítà 25 kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tà á fún mi búra pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn, mo sanwó. Nígbà tí a débẹ̀, bàbá ìyàwó mi gba ife, wọ́n fi kan ẹnu, wọ́n rọra gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ àga, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn bu omi wá. Wọn ò bínú, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Àbúrò wọn kan ló wá bá mi lẹ́yìn ilé, tó ní, "Ọkọ wa, omi ṣúgà lẹ gbé wá o."

Ìdána ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Nínú ìwé ẹrù tí wọ́n kọ fún wa, ẹmu wà níbẹ̀, wáìnì wà níbẹ̀, sínáàpù wà níbẹ̀. Èmi kì í ṣe ọ̀mùtí, bíà kan lópin ọ̀sẹ̀ ni tèmi. Báwo ni ẹnu tí kò mọ nǹkan bíi tèmi ṣe máa mọ èyí tó dára kí n tó yọwó?

Ìyá_Alákàrà_Mushin:

Ẹ̀rín pa mí títí. Bàbá yẹn ní sùúrù o. Ká ní bàbá tèmi ni, wọ́n á ní kí alága ìjókòó fi maikirofóònù kéde ẹ ni.

Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀: ẹ má lọ tọ́ ẹmu wò lẹ́yìn tí ẹ ti jẹ ata. Àwọn tó ń tà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé ẹran aláta síwájú yín kí ẹ tó béèrè. Ẹnu tí rodo ti jó, gbogbo nǹkan tó tutù ló dùn lójú ẹ̀. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi fọ ẹnu kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ọmọ_Mápó:

Omi ṣúgà kọ́, omi sákárìn ni, ìyẹn nǹkan dídùn tí kì í ṣe ṣúgà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Ṣúgà ọ̀pẹ kì í pẹ́ lẹ́nu. Ó kàn ọ́ lórí ahọ́n, o gbé e mì, ó bá tirẹ̀ lọ, ìkan díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Sákárìn ní tiẹ̀ á jókòó tì ọ́. O ti gbé e mì tán, ó ṣì wà lẹ́yìn ahọ́n, á sì wá korò fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí èèyàn lá irin. Nítorí náà, bó o bá ti mu ún, má sọ̀rọ̀, má mu nǹkan mìíràn lé e, ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ogún. Tí adùn bá ṣì ń lé ọ kiri ní ogún, dá ife padà fún un, kí o sì kí i pé ó kú iṣẹ́.

Omi ńkọ́? Kán ẹmu náà sẹ́yìn ọwọ́, jẹ́ kó gbẹ. Èyí tí wọn ò bomi là á lẹ̀ mọ́ ara. Èyí tí wọ́n ti bomi là á gbẹ bí omi ẹ̀rọ.

Fìlà_Gọ̀bì:

Ẹ̀yin ń ka ení, ẹ̀ ń ka èjì. Ìfófó ni kẹ́ ẹ wò. Ẹmu tó bá hó dáadáa ni ojúlówó. Ó parí.

Adẹ́mu_Àtijọ́:

Fìlà Gọ̀bì, ẹ má bínú, ìfófó nìkan ò tó. Ọdún 11 ni mo fi gun ọ̀pẹ ní agbègbè Òkìtìpupa kí eékún mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ láti orí igi wá.

Omi tó ń kán lára ọ̀pẹ kì í ṣe ọtí. Omi dídùn lásán ni, ṣúgà inú ẹ̀ á tó nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwúkàrà ló ń sọ ọ́ di ọtí. Ó wà nínú afẹ́fẹ́, ó wà lára òdòdó ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n inú akèrègbè ló pọ̀ sí jù. Adẹ́mu kì í fọ akèrègbè rẹ̀ mọ́ tónítóní; gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó kù nídìí ẹ̀ ló ń jí tòní. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń gùn lójúmọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Kí n tó fi igbà gbé ara mi dé òkè láàárọ̀, èyí tó ti ń kán láti ìrọ̀lẹ́ àná ti ń hó nínú akèrègbè, oyin mélòó kan sì ti kú sínú ẹ̀. (Ẹ má jẹ́ kí oyin bà yín lẹ́rù. Asẹ́ ló ń kó o. Ẹmu tí oyin ò yà wò ni èmi kì í fọkàn tán.)

Láti ìgbà tó ti kúrò lórí igi, aago ti ń mu ún ṣáájú yín. Tó bá fi máa di ọ̀sán, adùn ń lọ, agbára ń dé. Tó bá di alẹ́, ọtí inú ẹ̀ á ti tó ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti di ẹgbẹ́ bíà. Ọjọ́ kejì ó kan. Ọjọ́ kẹta, ẹ fi rẹ ẹran. Torí náà ẹni tó bá ní ẹmu òun dùn láàárọ̀, tó tún dùn bákan náà lálẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tó fi sí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ọmọ Mápó ti ní àbùkù díẹ̀. Ẹmu tó ti di ìrọ̀lẹ́ kì í lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bíi ti àárọ̀, kì í ṣe pé wọ́n bomi là á o, ìwúkàrà ló ti jẹ ṣúgà ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè wákàtí kẹ́ ẹ tó kán an sọ́wọ́. Tí wọ́n bá ní tàárọ̀ yìí ni, tí kò sì lẹ̀, ẹjọ́ wà níbẹ̀.

Ní ti ìfófó: bí ẹ bá gbé kẹ́ẹ̀gì alomi, tí ẹ mì í jìgìjìgì, òun náà á hó, á dìde funfun bí ọṣẹ. Ẹlẹ́mu tó bá gbọ́n kì í bu ẹmu fún yín láìkọ́kọ́ mi kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ní kó gbé e kalẹ̀ kó sinmi. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ọmọrí, kí ẹ gbé etí lé ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Mo ní etí. Èyí tó wà láàyè á máa ṣe ṣììì, ṣììì, bí ìgbà tí èèyàn méjì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá kejì. Èyí tí kò sọ nǹkan kan, yálà ó ti kú, tàbí omi ti borí ẹ̀.

Ẹ̀rí sákárìn tó dá mi lójú jù nìyí, ẹ sì láyè fún un torí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣì wà. Ẹ ra ìgò kan péré lọ́wọ́ ẹlẹ́mu tí ẹ fẹ́ bá nájà. Ẹ má pa á dé pinpin, ẹ gbé e sí kọ̀rọ̀ di ọ̀la. Ẹmu gidi á kan, adùn ẹ̀ á ti lọ. Tó bá kan tó sì tún ń dùn pa pọ̀, ó ti tán nìyẹn: ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà, kò lè jẹ sákárìn.

Ẹ tún béèrè bóyá ọ̀pẹ ni tàbí ògùrọ̀, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ògùrọ̀ ń hù nínú àbàtà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó láyé ẹ̀, lẹ́yìn náà ó kú. Adẹ́mu á máa ṣọ́ ọ títí àkókò náà á fi tó. Ọ̀pẹ ní tiẹ̀ ṣeé dá léraléra. (Ní Ghana, ńṣe ni wọ́n sábà máa ń wó ọ̀pẹ lulẹ̀ kí wọ́n tó dá a. Ó máa ń ká mi lára.) Lẹ́nu tèmi, ògùrọ̀ fúyẹ́, adùn ẹ̀ tètè ń hàn, ẹmu ọ̀pẹ nípọn jù ú lọ, ó ní òórùn bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó ń wú. Àwọn àgbà tí mo dá ẹmu fún, ọ̀pẹ ni wọ́n máa ń béèrè. Ẹ fọgbọ́n wádìí èyí tí bàbá ń mu.

Fìlà_Gọ̀bì:

Ó dáa, mo gbà. Ìfófó àti etí.

Tọlá_Àgbádárìgì:

Ẹ̀gbọ́n Adẹ́mu, mo ti mu èyí tó korò rí, kì í ṣe ìkorò irin tí wọ́n ń sọ yìí, ó dà bí agbo. Kí nìyẹn?

Adẹ́mu_Àtijọ́:

Èèpo igi ni wọ́n fi sí i. Àwọn kan máa ń rẹ ẹ́ sínú akèrègbè kó má baà tètè kan. Kò burú, ẹnu kan fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ti òde ìdána.

Àǹtí_Oní-Kúlà:

Èmi ni mo máa ń bá àwọn èèyàn gbé ọtí lọ sóde, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí. Àrẹ̀mọ, o lè ra ẹmu tó dáa jù lọ láyé, kó o sì bà á jẹ́ láàárín Ìkòròdú sí ilé àna rẹ.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta sí bọ́ọ̀tù, mo kún wọn dé ẹnu, mo lọ́ ọmọrí wọn pinpin torí mi ò fẹ́ kó dà. Oòrùn ọ̀sán, gó-sílóò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. A dé ibì kan, mo gbọ́ gbàù! Mo rò pé táyà ni. Dírẹ́bà bọ́ sílẹ̀, ó wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí. Ìgbà tó ṣí bọ́ọ̀tù, aṣọ ẹbí tí mo tò síbẹ̀ fún oníbàárà ti ń mu ẹmu. Oṣù méjì ni ọkọ̀ yẹn fi ń rùn bí ilé ọtí, ọlọ́pàá kan ní kí dírẹ́bà fẹ́ atẹ́gùn sóun nímú.

Ẹmu tó wà láàyè ń mí. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè kẹ́ẹ̀gì, ó kéré tán ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹ dẹ ọmọrí díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi ewé mímọ́ dí ẹnu ẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe. Ẹ to yìnyín yí kẹ́ẹ̀gì ká nínú kúlà ńlá. Òtútù ló ń dá ìwúkàrà lọ́wọ́ kọ́. Ẹ má da yìnyín sínú ẹmu láéláé, kí ni ìyàtọ̀ yín sí ẹni tó bomi là á?

Kí ẹ sì gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì fúnra ẹ̀ kí wọ́n tó bu ẹmu sí i. Èyí tó bá ti gbé kẹrosíìnì rí, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹmu á ṣì sọ fún yín.

Ará_Peckham:

Ẹ ò mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún yín. Níbí ní London, inú ìgò la ti ń rí ẹmu nílé ìtajà. Wọ́n ti fi iná pa ìwúkàrà inú ẹ̀ kó lè rìn ìrìn àjò, nítorí náà ó dùn, ó funfun, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ gbé etí lé e títí, kò ní dá yín lóhùn.

Mi ò bú u o. Àwọn onímọ̀ FIIRO, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti ìjọba ní Òṣòdì, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ lórí bí ẹmu á ṣe dúró nínú ìgò láìbàjẹ́, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Àrẹ̀mọ, tí o bá rí ìgò kan rà, fi kọ́ ẹnu rẹ. Bu ti ìgò sínú ife kan, bu tàárọ̀ sínú ife kejì, mu wọ́n tẹ̀ léra. Ìgbà yẹn ni wàá mọ ohun tí à ń pè ní ẹmu tó wà láàyè, gbogbo àlàyé wa yìí ò tó o.

Alákọ̀wé_Bódìjà:

Ẹ jẹ́ ká fún wáìnì náà lójú, torí ibẹ̀ ni owó tó pọ̀ jù máa ń bọ́ sọ́nù.

Ọ̀rọ̀ ara ìgò ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. "Dry" tí wọ́n kọ síbẹ̀ túmọ̀ sí pé kò dùn, ṣúgà inú ẹ̀ ti tán. Nínú èyí tó ń hó, tí a máa ń yìn lórí ìjókòó, ọ̀rọ̀ náà tún wá lọ́ pọ̀: "Brut" kò dùn, "Extra Dry" dùn ju Brut lọ díẹ̀, "Demi-Sec" ló dùn gan-an. Mo ti rí ọkọ ìyàwó tó ra Brut olówó gọbọi, tí àwọn ìyá àna ń fún ojú pọ̀, tí wọ́n ń wá Fanta kiri. Bí ẹ bá mọ̀ pé adùn ni wọ́n ń fẹ́, Demi-Sec ni kẹ́ ẹ wá, owó ẹ̀ kì í sì í ju ti Brut kan náà lọ.

Ti wáìnì pupa: ìwé àwọn òyìnbó á ní kí ẹ mu ún bó ṣe wà nínú yàrá. Yàrá tiwọn ni wọ́n ń sọ! Yàrá tiwa ní oṣù kẹta, ó lè gbóná tó ìwọ̀n 32. Wáìnì tó gbóná báyẹn, ọtí nìkan ni imú á gbọ́. Ẹ gbé e sí fìríìjì fún ìdajì wákàtí kẹ́ ẹ tó ṣí i.

Bí mo ṣe ń tọ́ ọ wò nìyí. Mo ń bu ú kó má ju ìdá kan nínú mẹ́ta ife lọ, mo ń yí ife náà pò, mo ń gbóòórùn. Bó bá ń rùn bíi páálí tí òjò pa, ìdérí ìgò ló ti bà á jẹ́, ẹ dá a padà. Bó bá ń rùn bí ọtí kíkan, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, mo ń mu díẹ̀, mo sì ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ariwo wà níbẹ̀, ẹ ṣe é nílé. Bí ẹnu bá gbẹ, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fà bí ìgbà tí èèyàn jẹ kajú, èèpo èso àjàrà ló fa ìyẹn, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Ẹran sísun á tù ú lójú.

Ẹ má ra páálí kan lọ́jọ́ kan náà tí ẹ kọ́kọ́ rí i. Ẹ ra ìgò kan, ẹ mu ún, tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ padà síbẹ̀. Ẹ yẹra fún ìgò tó ti ń yáàrùn lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù láti ọdún tó kọjá.

Fìlà_Gọ̀bì:

Bàbá àna wo ló fẹ́ máa fa wáìnì bí ẹ̀kọ? Ẹ gbé ọdẹ̀kú fún wọn, kí wọ́n dákẹ́.

Ìyá_Alákàrà_Mushin:

Fìlà Gọ̀bì, ìwọ ni wọ́n ò gbọdọ̀ pè.

Bàbá_Onírùngbọ̀n:

Sínáàpù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ọtí ìwúre wa látètèkọ́ṣe ni, ṣùgbọ́n jíìnì àwọn ará Họ́láǹdì ni, ìlú Schiedam ló ti gbòkìkí. Òórùn èso juniper ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn yín nímú, bí ewé igi tí wọ́n fọ́ mọ́wọ́, kì í ṣe òórùn ọ̀dà tàbí ti èyí tí àwọn obìnrin fi ń pa èékánná. Mímọ́ ló yẹ kó mọ́. Bí ẹ bá gbé ìgò sókè nínú oòrùn, tí nǹkan ń léfòó nínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ wo òǹtẹ̀ ọmọrí, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wo bóyá wọ́n lẹ ìwé ara ìgò tọ́ tàbí ó wọ́ ṣẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ ìgò òfìfo ni wọ́n ń rà kiri lẹ́yìn òde, pàápàá ti brandy olówó ńlá, wọ́n á rọ ìrọkúrọ sí i, wọ́n á dé e padà. Nílé tèmi, bí òde bá ti parí, a máa ń fọ́ ìgò wọ̀nyẹn ni. Mo mọ̀ pé ó dà bí ìwà ahun.

Wọ́n sì máa ń ní kí èèyàn gbé ògógóró díẹ̀ lọ́wọ́ fún àwọn àgbà tí sínáàpù ò jọ lójú. Èyí tó bá dára, ẹ bu díẹ̀ sínú ṣíbí, ẹ ṣáná sí i. Bó bá jó búlúù, ó mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀wọ̀:

Bàbá, ẹ má bínú, mo bẹ̀ yín, mi ò lè jẹ́ kí ìyẹn kọjá.

Iná búlúù yẹn ò sọ pé ó mọ́. Ó ń sọ fún yín pé ọtí inú ẹ̀ le, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Methanol, tó jẹ́ májèlé, ń jó búlúù bákan náà, nígbà mìíràn iná ẹ̀ kì í tiẹ̀ hàn nínú oòrùn. Àwọn mìíràn á ní kẹ́ ẹ mi ìgò kẹ́ ẹ wo ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dúró lójú ẹ̀. Ìyẹn náà, agbára ló ń wọ̀n. Ahọ́n ò mọ̀ ọ́n, imú ò mọ̀ ọ́n. Kò sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà tọ́ methanol wò nílé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa níbí, èèyàn tó lé ní 15 ló kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ ń sọ pé òrìṣà ló ń jà. Ojú àwọn tó ń bọ̀ nílé ìwòsàn ti ń fọ́, orí ń fọ́ wọn. Àyẹ̀wò ló wá fi hàn pé methanol ni, inú ọtí ìbílẹ̀ ni wọ́n ti mu ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń se ògógóró nílé, mo mọ̀ pé ẹ máa ń da èyí tó kọ́kọ́ kán nù. Ẹ ṣeun, methanol máa ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 65, ọtí gidi ní 78, àmọ́ kì í ṣe gbogbo tiẹ̀ ló ń bá èyí tó kọ́kọ́ kán lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí èèyàn bá ń kú lọ́pọ̀lọpọ̀ báyìí, kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi iná tàbí páìpù. Ẹnìkan ló ti lọ ra kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ tí owó ẹ̀ kéré, tó fi lú ọtí náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹni tó sè é ni kẹ́ ẹ mọ̀. Bí ẹ ò bá mọ ọ́n dójú ilé, ẹ má gbé e lọ sóde ẹnikẹ́ni. Páràgà inú ọgbà ọkọ̀ náà ńkọ́, egbòogi tó wà nínú ẹ̀ bo gbogbo òórùn mọ́lẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: methanol kì í mú èèyàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó lè tó wákàtí 12 sí 24. Bí ẹnikẹ́ni bá mu ọtí lánàá, tí ojú ẹ̀ ń ṣe bàìbàì lónìí, tí ó ń bì, tí ó ń mí gúlegúle, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má ní kó sùn. Ilé ìwòsàn ní kíá. Ìtọ́jú wà fún un bí ẹ bá tètè dé, ojú sì lè yè.

Bàbá_Onírùngbọ̀n:

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Ọdún 40 ni mo fi ń ṣáná sí i. Mo yọ ògógóró kúrò nínú ohun tí mo sọ.

Tọlá_Àgbádárìgì:

Lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní Àjàṣẹ́ ní ìhà Benin, sodabi ni wọ́n ń pe tiwọn, òun náà ni ògógóró. Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì kan wọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú. Màá fi ránṣẹ́ sí wọn.

Alákọ̀wé_Bódìjà:

Kí n fi ìṣirò kan kún un, torí àwọn awakọ̀. Ìgò stout 60cl tí wọ́n kọ 7.5% sí, ọtí gangan inú ẹ̀ jẹ́ 4.5cl. Ife sínáàpù kékeré 3cl, tó bá jẹ́ 40%, 1.2cl ni. Ẹni tó bá ní "ìgò kan péré ni mo mu", ó ti mu ife sínáàpù bíi mẹ́rin dín díẹ̀. Fìlà Gọ̀bì, ṣé ẹ gbọ́?

Fìlà_Gọ̀bì:

Mi ò gbọ́.

Àǹtí_Oní-Kúlà:

Ohun kan ṣẹ́kù. Àrẹ̀mọ, bèèrè bóyá a rí olóòṣà Ọbàtálá nínú ẹbí wọn. Wọn kì í fi ẹmu kan ẹnu, ẹ má lọ gbé e síwájú wọn kẹ́ ẹ wá máa bẹ̀bẹ̀. Ẹ ṣe zóbò sílẹ̀ fún àwọn àlùfáà àti àwọn dírẹ́bà, kí ó tutù bí ti ọlọ́tí, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbàgbé sí ìdí àga.

Àrẹ̀mọ_Ìkòròdú:

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Àná ni a ṣe é.

Ìyàwó mi bá mi fọgbọ́n bi ìyá wọn: ọ̀pẹ ni bàbá ń mu, kì í ṣe ògùrọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo ra ìgò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹlẹ́mu mẹ́ta, mo kọ orúkọ wọn sára ìgò, mo tò wọ́n sí kọ̀rọ̀ di ọjọ́ kejì. Méjì kan, wọ́n sì tún ń dùn. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni ẹni tó ta tàkọ́kọ́ fún mi. Ẹ̀kẹta kan débi pé ojú mi pọ́n, kò sí adùn kankan nínú ẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́, ìyàwó mi rò pé orí mi ti dàrú.

Mo lọ bá ẹlẹ́mu ẹ̀kẹta yẹn, mo ní kó mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dá a fún un, lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Àná ní aago mẹ́fà àárọ̀, mo ti wà lábẹ́ ọ̀pẹ. Mo fi omi fọ ẹnu. Mo gbé etí lé kẹ́ẹ̀gì àkọ́kọ́, ó ń sọ̀rọ̀. Ìkejì náà ń sọ̀rọ̀. Ìkẹta dákẹ́. Mo wo bàbá adẹ́mu lójú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Wọ́n gbé ìkẹta yẹn pa dà, wọ́n bu òmíràn. Ẹ̀gbọ́n Adẹ́mu, oyin mẹ́rin ni mo kà lójú asẹ́.

Mo fi ewé dí ẹnu wọn, yìnyín yí wọn ká, a dé ilé àna kí aago mọ́kànlá tó lù. Wáìnì Demi-Sec tán kí wọ́n tó gé àkàrà òyìnbó. Kò sí ògógóró.

Ìgbà tó kan bàbá, mi ò fi ife gíláàsì bu ú fún wọn, ahá ni mo wá kiri ọjà títí mo fi rí i. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún wọn. Wọ́n wo ojú ẹmu. Wọ́n mu díẹ̀, wọ́n dákẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú mi. Mo dé ogún, wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Wọ́n dà á sọ́nà ọ̀fun tán, wọ́n nu irùngbọ̀n, wọ́n sì na ahá náà padà sí mi.

Ìyá_Alákàrà_Mushin:

Yéè! Kẹ́ẹ̀gì mélòó ló ṣẹ́kù?

Àrẹ̀mọ_Ìkòròdú:

Àbúrò wọn tó sọ̀rọ̀ omi ṣúgà ló gbé èyí tó kẹ́yìn lọ sílé.